Ta Ni "Wọ́n"?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fajú ro nítorí ẹ̀kọ́ gírámà. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi olùwà àti àbọ̀ ṣe, nígbà tí òun ti ń sọ̀rọ̀ láti kékeré, tí ọ̀rọ̀ òun sì ń yé gbogbo ayé. Ohun tí ó wí kò ṣàìní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìyá tí ó ń ro ọkà kò kọ́kọ́ ka ìwé lórí bí omi ṣe ń hó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kì í ṣe bóyá gírámà ṣòro tàbí ó rọrùn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ kíkọ́ gírámà èdè tí ó ju ẹyọ kan lọ lè mú kí ènìyàn jẹ́ olóòótọ́ sí i? Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà yóò pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín. Ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín rí, kí ọ̀rọ̀ tí n ó sọ yìí tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n bí mi sí, ní Erékùṣù Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé "wọ́n" tí mo lò níbẹ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ó padà wá mú un. Ní àdúgbò wa, olùkọ́ èdè mẹ́ta ni ọmọdé máa ń ní kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ilé ni ti àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní orúkọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ kankan nínú ilé, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé "Bàbá ti dé, ó ń jẹun," wọn a gbá mi létí, n ó sì yára tún un sọ pé "wọ́n ń jẹun." Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé nínú èdè tiwa, ẹni kan ṣoṣo lè jẹ́ ọ̀pọ̀ bí ó bá ti jù mí lọ.

Olùkọ́ kejì ni àáfà wa ní ilé kéú. Lórí ẹní ni a ti ń jókòó, wàláà lọ́wọ́ wa, ohùn wa a sì máa dún dé títì. Àwọn tí ó bá ti ka Kùránì jìnnà ni wọ́n ń mú wọ inú ẹ̀kọ́ gírámà èdè Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní nahwu. Ìwé kékeré tí Ibn Ajurrum ti ìlú Fez kọ, ẹni tí ó kú ní ọdún 1323, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ kéú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Nínú nahwu, àwọn ọkùnrin méjì kan wà tí wọn kò sinmi rárá, Zayd àti Amr. Ojoojúmọ́ ni Zayd ń na Amr: ḍaraba Zaydun Amran. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi a máa bi ara wa pé kí ni Amr ṣe ná, tí ìyà rẹ̀ kò fi tán láti ayébáyé. Àáfà kò bá wa dá sí ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a rí ni ìparí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ parí sí -un ni ó na ènìyàn. Ẹni tí tirẹ̀ parí sí -an ni wọ́n nà. Bí ẹ tilẹ̀ gbé Amr síwájú Zayd, àmì ìparí náà yóò ṣì máa tọ́ka sí ẹlẹ́bi. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Òjó bá na Àlàbí, Òjó ni yóò síwájú. Bí ẹ bá pààrọ̀ ipò wọn, ẹ ti dá ẹjọ́ mìíràn sílẹ̀ nìyẹn: ẹni tí ó jẹ̀bi ti jàre.

Olùkọ́ kẹta ni ilé-ìwé, níbi tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wá rí nílé: ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àná ni tàbí òní, ẹyọ kan ni tàbí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò lè sọ pé ẹnì kan jẹun, kí n má sọ bóyá akọ ni ẹni náà tàbí abo, bí mo bá ti fẹ́ fi arọ́pò-orúkọ dípò orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà ni ó yé mi pé ńṣe ni èdè kọ̀ọ̀kan dà bí ìlú tí ó ní oníbodè tirẹ̀. Kò sí ohun tí ènìyàn kò lè rù wọ ìlú èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n owó ibodè tí wọ́n ń gbà kò dọ́gba. Oníbodè Yorùbá a máa bèèrè pé: ẹni tí o ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àgbà ni tàbí ẹgbẹ́ rẹ? Ti Gẹ̀ẹ́sì a máa bèèrè akọ àti abo, a sì máa bèèrè àsìkò. Ti Lárúbáwá a bèèrè akọ àti abo lára ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú pàápàá, a sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá méjì géérégé ni nǹkan náà tàbí ó ju méjì lọ. Ohun tí ọ̀kan kò jẹ́ kí a kọjá láìsọ, èkejì lè má bèèrè rẹ̀ rárá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ilé-ìwé gírámà ni mo wà nígbà náà, mo sì ti ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò kó owó jọ láti fi ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún Iléyá, àwọn àgbàlagbà mélòó kan sì bá wa dá sí i. Nítorí pé wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, wọ́n sì tún fi mí ṣe akápò. Ìgbà tí náírà ṣì níyì ni. Owó tí ó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 80 náírà. Bàtà kánfáàsì kan sì wà ní ọjà Jànkárà tí ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ ìyókù. Mo yọ 12 náírà, mo ní n ó dá a padà kí ọdún tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, n kò rí nǹkan kan dá padà.

Nígbà tí ó di ọjọ́ ìpàdé, mo kọ ìròyìn owó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo dìde, mo sì ń kà á bí adájọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ó le, ohùn mi kò yí padà. Mo kà pé: "Twelve naira was spent." Àwọn ẹgbẹ́ mi mi orí, wọ́n ń retí ìlà tí ó kàn. Ìyá arúgbó kan, ẹni tí òun náà dá 2 náírà sí i, jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ní: "Akọ̀wé, Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ fún wa. Sọ èyí tí o kà gbẹ̀yìn yẹn ní èdè tí a fi tọ́ ọ."

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gẹ̀ẹ́sì gbà mí láàyè láti gbé owó jókòó sórí àga olùwà, kí n sì jẹ́ kí ẹni tí ó ná an rìn jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo wá irú àga bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá, n kò rí i. Nígbẹ̀yìn, mo ní: "Wọ́n ná náírà méjìlá níbẹ̀, Ìyá."

Ìyá kò bínú. Wọ́n kàn bi mí bí ẹni tí ó ń bèèrè ọ̀nà ni: "Ta ni wọ́n?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wí pé: "Èmi ni mo ná an." Ẹ kíyè sí i pé n kò wí pé "mo ná an" lásán. Ìbéèrè Ìyá ti la ojú gbólóhùn náà sílẹ̀, "èmi ni" nìkan ni ó sì lè dí i. Wọ́n gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tà á ní 7 náírà, mo sì san 5 tí ó kù díẹ̀díẹ̀ títí ọdún fi yípo. Kò sí ẹni tí ó tún fi mí ṣe akápò mọ́ ní àdúgbò náà, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ibí yìí ni ìbá rọrùn fún mi láti parí ọ̀rọ̀ sí. N ó kàn sọ pé èdè olè ni Gẹ̀ẹ́sì, èdè olóòótọ́ ni Yorùbá, ẹ̀yin náà yóò sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni n ó máa fi gbè èdè mi, èdè mi kò sì rán mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò wí rí ní kékeré pé, "Ìyá, àwo ti fọ́"? Àwo ni ó fọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ kò sí níbẹ̀. Nínú èdè wa yìí náà, owó a máa sọnù, omi a máa dànù, ọ̀rọ̀ a sì máa bọ́ lẹ́nu ènìyàn bí ẹni pé ẹnu kò ní onílé. Bí ó bá sì jẹ́ ti "wọ́n ní" ni, ilé tí gbólóhùn kékeré yẹn ti tú ní Èkó nìkan kò lóǹkà. Ẹni tí ó bá wí pé "wọ́n ní" ti ju òkò sọ́jà, ó sì ti kó ọwọ́ bọ àpò.

Ẹ tún wò ó láti apá kejì. Ọkùnrin kan lè wí fún ìyàwó rẹ̀ ní Yorùbá pé, "Ọ̀rẹ́ mi kan ni mo lọ kí, ó ní kí n jẹun kí n tó máa bọ̀." Gbólóhùn náà pé pérépéré, kò sì sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó náà bá ní kí ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gbẹ́ni yóò dé ibodè "ó", oníbodè yóò sì bèèrè pé: ọkùnrin ni ọ̀rẹ́ yìí, àbí obìnrin? Bí ó bá sá lọ sínú Lárúbáwá, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni yóò tú u fó kí ó tó dé ìdí oúnjẹ. Bí Yorùbá ṣe mú mi lọ́jọ́ ìpàdé ni Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe mú ọkùnrin yìí.

Nítorí náà, ohun tí mo rí kọ́ kì í ṣe pé èdè kan sàn ju èkejì lọ. Gbogbo èdè ni ó ní kọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ wọn kò sí ní ojú kan náà. Ẹ̀rí ọkàn wa sì mọ kọ̀rọ̀ èdè tí a bá bá dàgbà dáadáa. Ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìgbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ wa dé èdè mìíràn ni a tó rí i pé ibi tí a ti fẹ́ sá sí ti di gbangba. Ẹni tí ó ń sẹ́ ògì mọ̀ pé èérí tí ó bá bọ́ lójú asẹ́ kan lè há sójú èkejì. Ẹni tí ó gbọ́ gírámà méjì ní asẹ́ méjì. Bí ó bá fẹ́ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, kí ó sẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú méjèèjì.

Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ti rí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé a na Amr láìdárúkọ ẹni tí ó nà án, ḍuriba Amrun ni wọn yóò wí. Ẹ wo ìparí orúkọ náà: -un ni, fìlà ẹni tí ó ń na ènìyàn. Amr tí ó jẹ ẹgba ni ó tún dé fìlà ẹni tí ó mú ẹgba dání! Wọn kò fi ọ̀ràn náà bò. Wọ́n pe irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ní èyí tí a kọ́ fún ẹni àìmọ̀, wọ́n sì pe Amr ní nāʾib al-fāʿil, èyí ni pé, adelé olùṣe. Ìtumọ̀ adelé ni pé onílé kan wà tí kò sí nílé. Gírámà wọn ń rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ẹni kan ni ó fi àga yìí sílẹ̀.

Bí mo ti ń ro èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ àdúgbò wa fúnra rẹ̀. Gbólóhùn odidi ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó: Ẹ̀pẹ́ ni olùwà, tẹ̀dó ni ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ìlú kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Ta ni Ẹ̀pẹ́ tí ó tẹ̀dó? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àgbá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùgbé. Ní ọdún 1862, wọ́n padà wálé. Oṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lónìí, kí ó tó kú ní ọdún 1868. Ọmọ Tápà ni, Yorùbá Èkó di ti ẹnu rẹ̀, ìtàn Èkó sì sọ pé ó gbọ́ èdè Potogí, ó sì ń bá àwọn oníṣòwò rẹ̀ dúnàádúrà. Nítorí náà, ẹni tí ó gba ibodè èdè mẹ́ta kọjá ni ó tẹ àdúgbò wa dó. Àwọn tí ó sì tẹ̀ lé e, ará Èkó ni púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, Èkó pè wọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò padà wá, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni a ń pè wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Olùwà gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá bèèrè kò ní mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn ni ìwé kan wà tí ó kọ́ mi pé dídárúkọ olùṣe nìkan kò tó. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ìwé àdéhùn náà kò fi olùṣe pamọ́ rárá. "Èmi, Dòsùnmú" ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì sọ pé òun ni ó fi Èkó fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Olùwà wà ní ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àbọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Olùkọ́ kankan kò ní fa ìlà sí i lábẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí ọ̀sà, wọ́n sì ti fi àgbá rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọba. Ẹni tí ó jókòó sórí àga olùwà kọ́ ni ó ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe sọ. Gírámà lè fi àga hàn wá. Kò lè sọ fún wa bóyá wọ́n fi okùn de ẹni tí ó jókòó lé e. Ìyẹn di iṣẹ́ tiwa.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìkan ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1993, a gbọ́ pé a ti fagi lé ìbò ààrẹ tí a dì ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Inú ìwé pélébé tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù ni ìròyìn náà ti jáde. Gbólóhùn tí kò ní olùṣe nìyẹn, tí ìwé tí ó gbé e kò sì ní olùkọ̀wé. Gbogbo orílẹ̀-èdè di Ìyá arúgbó yẹn, wọ́n ń bèèrè pé: ta ni wọ́n? Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó wa níbẹ̀, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dìde láàárín èrò, ó sì kéde pé òun ni ààrẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un, àhámọ́ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Nígbà tí ó di ọdún 2025, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, ẹni tí ó ń ṣe ìjọba ní ọdún 1993, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Abíọ́lá ni ó wọlé. Ó ní ìkéde ọjọ́ yẹn kò ti ọwọ́ òun jáde, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olórí, ọrùn òun ni ẹrù rẹ̀ wà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni àwọn ènìyàn fi retí "èmi" kan. Bóyá ó tó tàbí kò tó, ẹ̀yin ni ẹ ó dá a. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú ti bàtà kánfáàsì mi nígbà tí mo kà á, nítorí pé kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo fi dákẹ́, ó sì dà bí ọdún kan lára mi.

Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá òun "they are coming," ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Owó ibodè ìlú kan ni ó ń san ní ìlú mìíràn, ọ̀wọ̀ ni ó sì fi san án. Bí àlejò bá sì pe àgbà ní "ìwọ," ẹ fi ọ̀nà hàn án. Ẹ kọ́ gírámà Yorùbá bí ẹ ti ń kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi ti Lárúbáwá tàbí ti Faransé kún un bí agbára bá wà. Ẹ kò ní torí rẹ̀ di olóòótọ́. Mo ti rí òpùrọ́ tí ó gbọ́ èdè márùn-ún, tí ó sì ń purọ́ ní gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ibi tí irọ́ máa ń jókòó sí nínú gbólóhùn, àti nínú tiyín ṣáájú.

Mo jẹ yín ní gbèsè kan kí n tó jókòó. Mo wí lókè pé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n bí mi sí. Ta ni wọ́n? Bàbá mi àti ìyá mi ni. Èmi ni mo sì kọ èyí.